Ta Ni Yóò Wá Wo Eré Wa?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ojú tí ó bá ti rí gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran wíwò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò yin ẹsẹ̀ tí ó jó. Kò yin ọwọ́ tí ó lu ìlù, bẹ́ẹ̀ ni kò yin ẹni tí ó gbẹ́ igi. Ojú ni ó yìn. Ẹni tí ó dúró létí agbo, tí ó ń wòran, ni ó fi òǹtẹ̀ lu eré.

Ọ̀rọ̀ òǹwòran yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ òṣèré ti pọ̀ lẹ́nu wa. Bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ ṣe eré ní ìlú, wọn a fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ eré náà, wọn a rán aṣọ, wọn a yá àga àti iná. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, àwọn ọmọdé nìkan ni yóò kún iwájú. Àga ẹ̀yìn yóò ṣófo. Ní ọjọ́ kejì àwọn ọ̀dọ́ náà yóò wí pé: “Àwọn ará ìlú wa kò fẹ́ràn eré mọ́. Fíìmù àti fóònù ni wọ́n ń wò.”

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú kan náà, bí a bá kéde alẹ́ ẹ̀fẹ̀, àwọn ìyá arúgbó pàápàá yóò gbé àpótí ìjókòó wọn wá sí ọjà, wọn yóò sì jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ènìyàn kan náà ni. Kí ni ó wà nínú ẹ̀fẹ̀ tí kò sí nínú eré àwọn ọ̀dọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kétu àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ọ̀nà méjì ni gẹ̀lẹ̀dẹ́ pín sí. Ti alẹ́ ni ẹ̀fẹ̀, orin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ọ̀sán ni ijó. Nítorí àwọn ìyá wa ni a ṣe ń ṣe é: nítorí Ìyá Ńlá, àti nítorí agbára tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin, kí inú wọn lè dùn sí ìlú. Lẹ́yìn ìkórè ni a máa ń ṣe é, tàbí nígbà tí ọ̀dá bá dá, tàbí nígbà tí àrùn bá wọ ìlú. Nítorí náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbogbo ènìyàn ti mọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, aboyún ní ìpín, ìyá ọlọ́jà ní ìpín. Inú ọjà ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ibi tí obìnrin ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọ̀nà.

Ẹ wá wo bí alẹ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ìlú ń retí ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, olórin náà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ jáde. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ń tò ó bákan náà, àmọ́ ní Kétu àwọn mìíràn ni ó ń ṣíwájú rẹ̀. Ajígbálẹ̀ yóò jáde, yóò gbá ilẹ̀ agbo. Agbéná yóò jáde, yóò gbé iná tí ń jó wá sáàárín òkùnkùn. Apaná yóò jáde, a ó sì pa gbogbo iná. Lẹ́yìn náà ni Tètèdé yóò dé, yóò máa pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kí ó jáde. Nígbà náà ni a ó tó gbọ́ ohùn tí a ti ń dúró dè.

Ìsìn wà nínú ìtò yìí, n kò sì fẹ́ sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tí ó mọ eré. Kí ni ó ń ṣe sí ogunlọ́gọ̀ tí ó wà níbẹ̀? Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ọmọ ń sunkún, ọ̀rẹ́ ń kí ọ̀rẹ́, ẹnì kan ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ajígbálẹ̀ ń sọ fún wọn pé agbo ti di agbo: ẹ sún sẹ́yìn. Iná Agbéná gba gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò máa wo ibòmíràn. Òkùnkùn Apaná pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Tètèdé wá ń pe, ń pe, ọkàn gbogbo ènìyàn sì ń retí. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yóò fi la ẹnu rẹ̀, àwọn tí ó wá gẹ́gẹ́ bí èrò ọjà ti di òǹwòran. Ẹnì kan kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Ní tèmi, kò sí ìtàgé kankan tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó mọ ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin rẹ̀ ńkọ́? Ìbà ni ó kọ́kọ́ ń jú, lẹ́yìn náà àdúrà. Lẹ́yìn èyí ni ó ń wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tí ó jalè, ẹni tí ó gbé ìyà jẹ aya rẹ̀, olóyè tí ó ṣe àṣejù, ìjọba tí owó orí rẹ̀ wúwo, gbogbo rẹ̀ lè di orin. Èébú ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rín ń bẹ níbẹ̀, òótọ́ sì ń bẹ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní ọ̀sán. Àwọn elégbè rẹ̀ ti kọ́ orin náà sílẹ̀. Ó dá a, wọ́n gbè é, àwọn ènìyàn náà sì gbà á. Bí ó bá wọ̀ wọ́n lára, wọn a ní kí ó tún un kọ. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, orin náà kú sí agbo ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí ó bá yè ni a ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń fa omi àti àwọn tí ń lọ sí oko. Ìdájọ́ ni èyí. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè ṣe ìdájọ́ eré kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán, àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ ń jó. Wọ́n ń ṣe àṣìṣe, àwọn ìyá wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àgbà ọ̀jẹ̀. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó gbọdọ̀ bá ìlù parí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá bá a parí, igbe ayọ̀ á sọ. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo agbo ni ó mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Àwọn náà ti wà ní agbo láti ìgbà tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ẹni tí ó jó ní ọmọ ọdún méje, bí kò tilẹ̀ jó mọ́, yóò mọ ijó wò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Wọn kì í wá òǹwòran gẹ̀lẹ̀dẹ́ kiri, wọ́n ń tọ́ ọ dàgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé eré tí ó wọ ilẹ̀ wa láti ilé ìwé. Ní 1933, àwọn ọmọ Dahomey (bí a ṣe ń pe ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ títí di 1975) tí ó ń kàwé ní ilé ìwé William Ponty ní Gorée, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe eré kan nípa ìpàdé ọba Béhanzin pẹ̀lú Bayol, aṣojú àwọn Faransé. Ní 1937 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé náà gbé eré lọ sí Paris, èyí tí a ń pè ní *Sokamé*. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó níwájú wọn? Àwọn olùkọ́ òyìnbó, àwọn aláṣẹ òyìnbó, àti àwọn ará Paris. Bàbá wọn tí ó wà ní oko kò sí níbẹ̀, ìyá wọn kò sí níbẹ̀. Fún ojú ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe kọ́ eré náà. Wọ́n kọ́ ìwà òǹwòran òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn: kí ènìyàn jókòó ní ìlà, kí ó dákẹ́, kí ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá parí.

Ìwà yẹn bá eré náà padà sílé. Títí di òní, bí ìyá kan bá dá òṣèré lóhùn láti orí àga nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan á yíjú sí i bí ẹni tí ó ṣe ohun ìtìjú. Ní agbo ẹ̀fẹ̀, ìyá yẹn gan-an ni òǹwòran tí ó dára jù.

Jean Pliya tún kọ eré nípa ọba Béhanzin ní àwọn ọdún 1960, *Kondo le requin*. Ìwé gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ọba tí ó kọ̀ láti tẹríba fún àjèjì, ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ ọ nílẹ̀ wa? Ṣùgbọ́n Faransé ni a fi kọ ọ́. Ìyá tí ó ń ta gàrí ní Pobẹ̀, tí ó mọ ìtàn àwọn ọba ju ọmọ ilé ìwé lọ, lè wo aṣọ ọba àti ìdà, kò lè wo èrò ọkàn rẹ̀. Ní 1991 ni àjọ̀dún eré orí ìtàgé tí a ń pè ní FITHEB bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn òṣèré láti ilẹ̀ púpọ̀ sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó dára púpọ̀ fún òṣèré. Ó ń jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún kò lè dá òǹwòran sílẹ̀ ní ìlú kan bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣeré níbẹ̀ láàárín àjọ̀dún kan sí èkejì.

Àwọn kan rò pé bí a bá sáà ti tú eré Faransé sí Nàgó, ó ti parí. Kò tíì tó. Mo mọ̀ pé èdè ni ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé ṣì ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Bí ẹ̀rín inú eré bá jẹ́ ẹ̀rín akọ̀wé, bí ìṣòro inú rẹ̀ bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, Nàgó tí a fi sọ ọ́ kò ní sọ ọ́ di tiwa.

Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ òǹwòran dáadáa láàárín àwọn elédè wa ní ìlà oòrùn ni Hubert Ogunde. A bí i ní Ọ̀sọsà ní 1916, ó kú ní 1990. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ní 1944 ó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan, nígbà tí ó sì di 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí ó lè máa ṣeré jẹun. Ọkọ̀ ni ó fi ń gbé eré lọ bá àwọn ènìyàn, láti ìlú dé ìlú. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó ni ó ń kọ́kọ́ gbé jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà orin náà kò kan ìtàn rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lè sọ pé àfikún lásán ni. Èmi rí Ajígbálẹ̀ àti Agbéná nínú rẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ ń wọlé, ẹni tí inú ń bí ń rọ̀, lẹ́yìn náà ni ìtàn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ní 1948 ó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957. Ìrìn àjò náà kò yọrí sí rere, àwọn ará ibẹ̀ kò gba eré náà bí àwọn ará Èkó ṣe gbà á. Kò bú wọn pé wọn kò mọ eré wò. Ó lọ tún eré ṣe, ó fi orin àti ijó tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbádùn kún un, ó sì tún padà lọ. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni èyí, ó tilẹ̀ wú mi lórí ju *Yorùbá Ronú* lọ. Eré yẹn ti 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi dá ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró títí di 1966. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ ni. Àwọn òǹwòran fúnra wọn ni ó fi orúkọ àwọn olóṣèlú sí i lórí. Ìjọba kò bẹ̀rù Ogunde nìkan, ó bẹ̀rù ohun tí àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ lè fi ọkàn wọn parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, irú àwọn ẹgbẹ́ eré bẹ́ẹ̀ ju 100 lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Gbogbo ènìyàn a dáhùn pé fíìmù ni ó pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a rọra. Ogunde gbé *Ayé* jáde ní sinimá ní 1979. Moses Olaiya, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé *Ọ̀run Móoru* jáde ní 1982. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Owó ń wọ́n nígbà náà, ẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí ènìyàn rin òru mọ́. N kò dá àwọn òṣèré lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹwòran ni ó kọ́kọ́ dìde. Òṣèré ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé, òǹwòran sì tẹ̀lé ojú tí ó fẹ́ràn lọ sí ibi tí ojú náà lọ. Ìyà jẹ Bàbá Sàlá níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn olè da fíìmù rẹ̀ kọ wọ́n sì ń tà á kiri, ó sì pàdánù owó ńlá. Ẹni tí ó ń ṣeré lójú ènìyàn kò ní irú ìṣòro yẹn. Kò sí ẹni tí ó lè jí alẹ́ kan gbé.

Ó wá ku ewu kan tí ó ń dùn mí jù, gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sì kàn. Ní 2001, UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, ní 2008 ó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ti Bẹ̀nẹ̀, ti Nàìjíríà àti ti Tógò ni a kọ síbẹ̀. Ìgbéraga ni ó jẹ́ fún wa. Àwọn kan náà kìlọ̀ pé ìrìn àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di ohun àfihàn lásán. Ẹ ronú sí i báyìí. Bí àlejò bá dé láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ní wákàtí kan péré, kí ni a ó fi hàn án? Ijó ọ̀sán ni. Igi tí a gbẹ́ dára, aṣọ dára, fọ́tò á dùn ún yà. Alẹ́ ẹ̀fẹ̀ gùn jù, àlejò kò sì gbọ́ orin. Nítorí náà a ó gé e kúrò. Bí a bá ń gé e bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ohun tí a gé ni ohùn tí ìlú fi ń bá ara rẹ̀ wí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á ṣì máa jó, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí ó fòfin dè é. Òǹwòran ni a pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù kò bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní Kútọ̀nù tàbí ní Paris, tí ó rí ijó ìlú rẹ̀ lórí fóònù, ó lè mú kí ó wá sílé ní ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹni tí ó dúró sí agbo fi fóònù bo ojú ara rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì má lè pàtẹ́wọ́, kí ẹnu rẹ̀ má lè gbe orin.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, kí ẹ tó kọ́ eré, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń pè. Ọjọ́ ọjà ìlú yín ńkọ́? Bí ẹ bá fi eré sí alẹ́ ọjọ́ ọjà, ó ti rẹ àwọn ìyá. Bí ẹ bá fi sí àsìkò ìkórè, àgbẹ̀ wà ní abà. Ní oṣù ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí a fẹ́ jẹun kí wọ́n sì kírun. Ìwọ̀nyí kò le láti mọ̀, síbẹ̀ mélòó nínú wa ni ó ń béèrè? Ẹ lọ bá àwọn obìnrin tí ó ń ṣe epo, ẹ jókòó, ẹ béèrè ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín àti ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ẹ mú ọmọ wọn méjì tàbí mẹ́ta sínú eré, kí ẹ má sì fi wọ́n ṣe ẹrú tí ń gbé omi nìkan. Ẹ jẹ́ kí orin kan wà tí àwọn tí ó jókòó yóò lè gbè, kí ẹ sì ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin náà ṣáájú, wọn yóò bá yín gbé e kiri ìlú lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí ó ń ṣeré láti kìlọ̀ fún ènìyàn nípa àìsàn tàbí nípa omi mímọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọṣẹ tàbí ohun mímu ni wọ́n fi ń pe èrò. Èrò á pọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ọṣẹ bá tán, ẹ wo iye tí yóò kù. Owó ìwọlé kékeré, tí ìyá kan lè yọ láti inú èrè ata rẹ̀, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó sanwó a máa dájọ́.

Lákòókò eré, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ má ṣeré. Kí ó dúró sí ẹ̀yìn, kí ó máa wo àwọn òǹwòran. Níbo ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín? Níbo ni ìyá ọlọ́mọ ti dìde? Ṣé nítorí ọmọ ni, tàbí nítorí pé ọ̀rọ̀ gùn? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù méjì kí ẹ padà sí agbo kan náà pẹ̀lú eré mìíràn, kí ẹni náà sì tún dúró sí ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí ó ka iye àpótí ìjókòó tí àwọn ìyá gbé wá láti ilé.